Àwọn Aláìní Tí Kì í Jà

Ọjọ́ Ajé, 3 Bélú

Akọ̀ròyìn kan tún pè. Ó ní kí n ṣàlàyé ìwádìí wa lọ́nà tí ìyá òun á fi gbọ́. Mo ní kò burú. Mo ní inú ara ohun gbogbo tó ń mí ni jíìnì wà, àwọn ló ń pàṣẹ bí ara ṣe máa dàgbà àti bó ṣe máa gbó. A mú akọ eku, a yọ jíìnì kan ṣoṣo kúrò lára ìdajì wọn kí a tó bí wọn, a fi ìdajì yòókù sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá wọn. Láti ìgbà náà la ti jókòó tì wọ́n, tí à ń wo ẹni tó máa kọ́kọ́ kú. Àwọn tí a yọ tiwọn là ń pè ní Aláìní, àwọn yòókù ni Ọlọ́rọ̀. Àwọn Ọlọ́rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Àwọn Aláìní ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n ń wò wá. Akọ̀ròyìn náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí òun máa gbọ́ pé tálákà pẹ́ láyé ju olówó lọ. Àwàdà yẹn ti sú mi, ṣùgbọ́n mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ó bèèrè bóyá oògùn wà ńbẹ̀. Mo ní ó wà nínú fíríìjì, ìgò mélòó kan. Kì í yọ jíìnì náà, ó kàn máa ń pa á lẹ́nu mọ́ ni. Ọdún tó ń bọ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dán an wò lára eku, kò tíì kan ènìyàn. Ó ní bó bá kan ènìyàn, kí n má gbàgbé òun.

Ó ku mọ́kàndínlógún láàyè, Aláìní mẹ́tàdínlógún, Ọlọ́rọ̀ méjì. Ọ̀gá ti dá ọjọ́ fún àwọn onígbọ̀wọ́ tó ń sanwó ìwádìí wa. Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù tó ń bọ̀ ló máa dúró níwájú wọn kéde àbájáde rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ó máa fẹ̀yìn tì. Kò tíì sí ìfẹ̀yìntì tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

Òtútù ti dé. Oúnjẹ eku tún ti wọ́n sí i. Ẹni tó ń tà á fún wa ní ọkọ̀ ojú omi ló fà á, bí ẹni pé ọkọ̀ ojú omi ni eku wa ń jẹ.

Ọjọ́bọ̀, 6 Bélú

Òjò látàárọ̀. Híítà yàrá eku ń kùn bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun. Mo ti sọ fún ẹni tó ń tún ilé ṣe. Ó ní òun ń bọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Bélú

Mo lọ kí Màmá. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú, nítorí ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti débẹ̀ kẹ́yìn, aṣọ tí mo wọ̀ ò sì rí irin. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Màmá. Òun ló gbà mí tọ́ nígbà tí ìyá mi kú, òun náà ló sọ mí ní Abẹ́rẹ́ nítorí pé mo rù. Ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ẹnu kékeré. Alápatà, awakọ̀, olùkọ́ mi, dókítà, kò sí ẹni tí kò tíì gba tirẹ̀ rí nínú wọn. Mo ti rí i tó lé agbowó iná kúrò lẹ́nu ọ̀nà, tí ọkùnrin náà sì padà wá tọrọ àforíjì.

Lónìí ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “O káàbọ̀. Jókòó.” Ó parí. Mo jókòó, mò ń dúró de ìyókù. Kò sí ìyókù. Eré tó fẹ́ràn ń lọ lórí tẹlifíṣọ̀n, Bàbá, ọkọ rẹ̀, wọlé, ó yí i sí bọ́ọ̀lù, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo bọ́ọ̀lù. Nígbà kan rí, ẹni tó bá dán irú ẹ̀ wò, ìta ló máa ti wo bọ́ọ̀lù náà.

Bàbá sìn mí dé ìdí ọkọ̀. Bàbá yìí náà ni Ọ̀gá. Bí a bá ti wọ ibi iṣẹ́, mi ò mọ̀ ọ́n ní bàbá, òun náà ò mọ̀ mí lọ́mọ, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí. Ó ní ṣé mo rí bí ilé ṣe tòrò. Ó ní láti ìgbà tí Màmá ti ṣubú ní oṣù karùn-ún, tí dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rù kì í jẹ́ kí òun sùn, ṣùgbọ́n ní báyìí ara rẹ̀ ti balẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ti wálẹ̀. Mo ní a dúpẹ́. Bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ ni òwe kan ń sọ sí mi lọ́kàn pé ilé tó bá tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Mi ò mọ ohun tó gbé e wá.

Ọjọ́ Ajé, 10 Bélú

Híítà ti kú láàárín òpin ọ̀sẹ̀. Nígbà tí mo dé, Jẹ́jẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá eku. (Jẹ́jẹ́ la sọ akẹgbẹ́ mi yìí nítorí pé kò sí ohun tó ń kánjú ṣe láyé, títí kan oúnjẹ ọ̀fẹ́.) Inú ibẹ̀ tutù bí inú fíríìjì. Mẹ́fà ti kú. Àwọn Ọlọ́rọ̀ méjèèjì wà nínú wọn, a ò ní Ọlọ́rọ̀ mọ́. Aláìní mẹ́rin tẹ̀lé wọn.

Àwọn tó yè ti kó ara wọn jọ sí igun àgò, ọ̀kan gun orí èkejì, wọ́n ń mí. Mo ti ìka bọ àárín wọn, ó gbóná.

Ọ̀gá wá. Ó bú ẹni tó ń tún ilé ṣe tó. Lẹ́yìn náà ó ní Ọlọ́rọ̀ kankan ò yè é já, Aláìní mẹ́tàlá yè é, pé ẹ̀rí mìíràn nìyẹn. Inú rẹ̀ ń dùn nígbà tó ń jáde lọ.

Èmi dúró síbẹ̀. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó kú ló ń dá gbé nínú àgò, ará àgò wọn ti kú ṣáájú wọn. Kò sí ọ̀kan tó ní ẹni tó máa sún mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Bélú

Òfin yàrá eku ni pé akọ tó bá ń bu ará ilé rẹ̀ jẹ, a ó yà á sọ́tọ̀, á máa dá gbé títí ọjọ́ ikú rẹ̀. A ti ṣe é títí ó ti di bárakú, a kì í rò ó mọ́, bí ẹni ń pa iná kó tó jáde. Mo bi Jẹ́jẹ́ pé nígbà tí àwọn eku wọ̀nyí wà ní kékeré, àwọn wo la yà sọ́tọ̀.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Àwọn Ọlọ́rọ̀ ni. Bí àwọn ọmọ ìta ni wọ́n ń jà. Àwọn Aláìní kì í jà, ẹ lè kó mẹ́rin sínú ìkòkò kan.” Ó rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi dẹ́kun ẹ̀rín.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Bélú

Èmi àti Jẹ́jẹ́ ti tún gbogbo rẹ̀ kà látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn Aláìní díẹ̀ kan wà tí wọn ò ní arákùnrin látìgbà tí a ti bí wọn, tí wọ́n dá gbé. Ìgbà tí àwọn Ọlọ́rọ̀ ń kú ni àwọn náà kú. Àwọn Ọlọ́rọ̀ díẹ̀ kan sì wà tí orí wọn tutù, tí a kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn yẹn pẹ́ bí àwọn Aláìní ṣe pẹ́, nínú wọn ni méjì tó kẹ́yìn ti wá.

Kì í ṣe jíìnì ló mú wọn pẹ́. Ara gbígbóná ẹni kejì ni. Ohun tí jíìnì yẹn ń ṣe, a ò tilẹ̀ wò ó, nítorí pé ojú ọjọ́ orí nìkan la fi ń wo ohun gbogbo. Ìjà ló ń ṣe. A rò pé a ti yọ ogbó lára eku, ìjà la yọ.

Jẹ́jẹ́ ní ta ló máa sọ fún Ọ̀gá. Mo ní èmi ni, nílé, lọ́jọ́ Àìkú, níbi tí mo ti lè pè é ní Bàbá. Iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Bélú

Mi ò sọ ọ́.

Màmá ní kí n bá òun mú ìbòrí nínú yàrá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ mo rí ìgò kékeré kan tó ní ìdérí búlúù. Èmi ni mo yan ìdérí búlúù yẹn fún ibi iṣẹ́ wa kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ tàwọn ẹlòmíràn. Mo mú un. Mo bi Màmá kí ni. Ó ní fítámì tí Bàbá ń fún òun láràárọ̀ ni, láti ìgbà tí òun ti dìde nílẹ̀ àìsàn. Ó ní ó dára, kì í korò.

Oògùn tí kò tíì kan eku. Ó ti tó oṣù márùn-ún tó ti ń gbé e mì.

Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn náà, mo sì wá mọ ibi tí ìyókù èébú mi lọ. Mo yọ hóró kan sápò. Bàbá ń fi ọ̀bẹ bó èso fún un nínú pálọ̀, ó ń gé e wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé e fún ọmọdé. Mi ò lè wò ó lójú. Mo ní orí ń fọ́ mi, mo lọ. Láti kékeré mi kò tíì sí ẹni tí mo bínú sí tó báyìí, kò sì tíì sí ẹni tí mo fẹ́ràn tó o.

Ọjọ́ Ajé, 17 Bélú

Mo ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, mo gbé hóró náà ka orí tábìlì. Ó wò ó. Kò bèèrè kí ni.

“Níbo lo ti rí i?”

“Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Màmá.”

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣubú, pé òun lòun gbé orí rẹ̀ sí itan, tí òun ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń wá tó ń lọ. Ó ní kí ni òun ń fi gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, bí kò bá ní ṣiṣẹ́ fún ẹni kan ṣoṣo tí òun ní.

Mo ní, “Ṣùgbọ́n fítámì lẹ pè é fún un.”

“Bí mo bá sọ òtítọ́ fún un, ṣé ó máa gbà?”

“Kò ní gbà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ sọ ọ́.”

Mo wá ro ọ̀rọ̀ àwọn àgò fún un. Mo rò ó láti orí dé ìdí. Mo ní ohun tí oògùn yẹn ń ṣe fún Màmá kò ju ohun tí àìní jíìnì náà ṣe fún eku lọ, ó ti gba ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ rẹ̀. Ó ní mẹ́tàlá ṣì wà láàyè, kí n dúró kí wọ́n parí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Màmá ti wálẹ̀, ó ń sùn, ilé tòrò, ṣé ìyẹn kò tó. Mo ní kò tó. Ó ní, “Abẹ́rẹ́, ìgbà wo lo di ọ̀gá mi?” Kò pè mí bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́ rí.

Ó ní kí n jáde. Mo jáde. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Ọjọ́rú, 19 Bélú

Ó pè mí sẹ́yìn ilé iṣẹ́, níbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní kò dára kí a dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa ṣe fún ọkàn rẹ̀, òun á máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n má tíì bá dókítà sọ̀rọ̀. Bàbá tó ti san owó ilé ìwé mi ń bẹ̀ mí lẹ́bàá ààtàn. Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Bélú

Mo ti rò ó pé ẹni tó ni ara ló ni ọ̀rọ̀. Bàbá jáde lọ ra nǹkan, mo sì jókòó ti Màmá. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní kì í ṣe fítámì. Mo ní oògùn tí a kò tíì dán wò lára ohunkóhun ni, pé ọkọ yín ló ń fún yín, pé kò sọ fún yín. Mo dúró. Mo tilẹ̀ fa àga mi sẹ́yìn díẹ̀, nítorí mo mọ irú ìjì tó yẹ kó jà nínú yàrá yẹn.

Ó fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ orí itan rẹ̀. Ó ní, “Ó dáa. Bàbá yín ló mọ̀ ọ́n.”

Mo ní, “Màmá, ṣé ẹ gbọ́ mi?”

Ó ní òun gbọ́. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo lọ sí ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi kí ó má baà gbọ́ mi, mo sunkún. Òkú eku mẹ́fà ò bà mí lẹ́rù tó ọ̀rọ̀ méjì yẹn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, a máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ṣeré.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Bélú

Aláìní méjì kú, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ẹnìkejì èyí tó kú lọ́sàn-án jókòó ti òkú rẹ̀, kò jẹun. Àwọn onígbọ̀wọ́ ti gba yàrá sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀gá kì í wò mí lójú.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Bélú

Òjò ńlá. Màmá lọ gba àyẹ̀wò, ó wọ takisí padà. Awakọ̀ náà kò fẹ́ yà wọ òpópónà wọn nítorí omi, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá ọjà, ibi tó jìnnà sílé gan-an. Màmá sanwó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ rìn wálé nínú òjò pẹ̀lú ọkàn tó ń rẹ̀ yẹn, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Nígbà kan rí, awakọ̀ yẹn ì bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ì bá sì gbé àpò rẹ̀ wọlé.

Bàbá pè mí, ó ní Màmá ń gbọ̀n, ara rẹ̀ gbóná. Mo bi í pé hóró mélòó ló ń fún un báyìí. Ó ní òun ti dín in kù.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Bélú

Ilé ìwòsàn. Ikọ́ ti wọ ọ́ láyà, wọ́n fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ sí imú rẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ kó aṣọ rẹ̀ wá láti ilé. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ìgò náà wà níbẹ̀, ó kún. Tuntun ni. Kò dín ohunkóhun kù.

Mo padà dé. Dókítà wá, obìnrin kúkúrú kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní ìlù ọkàn rẹ̀ ò ṣe déédéé, òun sì fẹ́ fún un ní oògùn tó le, àfi kí òun mọ gbogbo ohun tó ń lò. Ó wo Bàbá.

Bàbá ní, “Ti ẹ̀jẹ̀ ríru, àti fítámì.”

Mo wò ó. Mo fún un láàyè. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó la ẹnu rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó má jẹ́ èmi. Dókítà ti ń kọ̀wé. Bàbá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Mo gbé ìgò náà lé ọwọ́ dókítà. Mo ní, “Kì í ṣe fítámì. Ibi iṣẹ́ wa ló ti wá. Kò tíì sí ènìyàn tó lò ó rí.”

Dókítà kò pariwo. Ó bi mí orúkọ rẹ̀, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Mo dáhùn. Ó yí oògùn tó fẹ́ fún un padà. Ó ní bí òun bá fún un ní ti tẹ́lẹ̀ lórí èyí, kì bá rí ọ̀la. Bàbá di ara ògiri mú. Lẹ́yìn náà ó rìn lọ síta, ó kọjá lára mi bí ẹni pé àga ni mí.

Ọjọ́bọ̀, 4 Ọ̀pẹ

Èémí rẹ̀ ti dára díẹ̀. Èmi ń jókòó tì í lọ́sàn-án, Bàbá ń gba ipò mi ní ìrọ̀lẹ́. A máa ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Mo máa ń kúnlẹ̀ kí i. Ó máa ń dáhùn sí afẹ́fẹ́.

Jẹ́jẹ́ ní Ọ̀gá kò wá síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé, àwọn onígbọ̀wọ́ ń pè. Mo ní kí ó sọ pé ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn. Òtítọ́ ṣáà ni.

Ọjọ́bọ̀, 11 Ọ̀pẹ

Nọ́ọ̀sì kan gún Màmá lápá títí, kò rí iṣan. Apá rẹ̀ ti dúdú. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ Màmá ní, “Ẹ ṣé, ọmọ mi.” Mo jáde lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Oògùn náà ti kúrò lára rẹ̀, dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbà lọ ńkọ́? Mo bi í bóyá ó máa padà. Ó ní òun ò mọ̀, pé àwa tí a ṣe é ló yẹ kí a mọ̀. Mo gba ìyẹn, ó tọ́ sí mi.

Mo wakọ̀ padà wálé. Kí ni mo máa ṣe pẹ̀lú Màmá tí kò ní ẹnu? Ó wà láàyè, mo sì ń ṣàárò rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Ọ̀pẹ

Ó wá. Mi ò rò pé á wá. Ó wọ kóòtù tó fi gba oyè àkọ́kọ́, ó ti fẹ̀ fún un. Gbọ̀ngàn kún. Mo jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú Jẹ́jẹ́. Àwòrán tó fẹ́ fi hàn wọ́n ti wà lára ògiri, ìlà méjì, ti Aláìní ga, ti Ọlọ́rọ̀ ń ṣubú. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní kí wọ́n pa á.

Ó ní, “Mo ti ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ṣìnà.” Ó sọ ọ́. Kò sọ ọ́ dáadáa, ó ń ta kókó, ó sọ ọ̀rọ̀ àwọn àgò lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ ló fà á. Ó ní òun ni.

Ọ̀kan nínú àwọn onígbọ̀wọ́ na ọwọ́ sókè. Ọkùnrin mímọ́ tónítóní kan ni. Ó ní bí oògùn náà ò bá mú ẹ̀mí gùn, ṣé lóòótọ́ ló ń mú ènìyàn dákẹ́? Ó ní òun kàn ń bèèrè ni, nítorí pé ilé ìtọ́jú arúgbó pọ̀, kò sì ní ṣòro láti rí ẹni tó máa rà á.

Ọ̀gá di tábìlì mú. Ó ní, “Rárá.” Ọkùnrin náà ní kí ni ìtumọ̀ rárá. Ó ní, “Mo ti da gbogbo rẹ̀ nù láàárọ̀ yìí.”

Wọ́n dìde níkọ̀ọ̀kan. Owó ìwádìí lọ pẹ̀lú wọn, gbogbo wa mọ̀. Nígbà tó ń bọ̀ ní àárín àga, ó dúró níwájú mi. Ó ní lọ́jọ́ Àìkú Màmá máa kúrò ní ilé ìwòsàn, ṣé mo máa wá. Mo ní, “Mo máa wá, sà.” Jẹ́jẹ́ fún mi ní áńkáṣíìfù rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 21 Ọ̀pẹ

A gbé e délé. Ojú ọjọ́ mọ́, ṣùgbọ́n òtútù ń bu ni jẹ. Bàbá ti gbá ilé, ó ti to ìrọ̀rí sórí àga. Màmá jókòó. Ó wo yàrá yíká. Ó wo aṣọ fèrèsé. Ó wò mí.

“Abẹ́rẹ́. Aṣọ wo lo wọ̀ yẹn? Ṣé ẹnu màlúù lo ti fà á yọ ni?”

Mo wo Bàbá, Bàbá wò mí.

Màmá ní kí a má wo ara wa. Ó ní, “O sọ fún mi lọ́jọ́sí. Ẹ rò pé mi ò rántí? Gbogbo ọ̀rọ̀ tí o sọ ni mo gbọ́. Mo wá ìbínú nínú ikùn mi títí, mi ò rí i. Bí ẹni tó ti ọwọ́ bọ àpò, tí àpò ti já.” Ó ń mí sókè sódò, mo fẹ́ sún mọ́ ọn, ó na ọwọ́ pé kí n dúró síbi tí mo wà. Ó yíjú sí Bàbá. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bí Màmá bá tilẹ̀ ń fọ́ abọ́ mọ́ ògiri, “ẹ” ló máa ń pe ọkọ rẹ̀.

Ó ní, “Ìwọ. Ta ló bẹ̀ ọ́? Ta ló ní kí o fi ẹnu mi ra ọjọ́ fún mi?”

Bàbá kúnlẹ̀. Àgbàlagbà yẹn kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tó fúnra rẹ̀ gbá. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun. Ó ní òun ò fẹ́ dá wà láyé.

“Dá wà? Ta ni ìwọ ń bá gbé láti oṣù kẹfà? Èmi ò sí nílé yìí. O ń gé èso fún ẹlòmíràn.” Ó gbá ìrọ̀rí dànù. Ó ní kí ó dìde kúrò níwájú òun, kí ó máa lọ. Ó ní kí èmi náà máa lọ, èmi tí mo mọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó sọ fún dókítà, tí mò ń kúnlẹ̀ kí Bàbá, tí mò ń jókòó. Ó tọ́ sí mi. Ó ti àwa méjèèjì síta, ó sì ti ilẹ̀kùn.

A dúró lórí àtẹ̀gùn. Sálúbàtà ni Bàbá wọ̀, kò rántí mú kóòtù. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé, ó ti kúrò lórí wa, ó ti dé orí awakọ̀ takisí, ó ti dé orí nọ́ọ̀sì tó gún un lápá. Ohun kan fọ́. Ó dà bíi pé abọ́ ni. Ojú fèrèsé àwọn aládùúgbò ń ṣí. Omi ń bọ́ lójú Bàbá, kò nù ún, ó na etí sí ilẹ̀kùn.

Mo ní kí n kanlẹ̀kùn, òtútù á mú Bàbá. Ó di ọwọ́ mi mú.

Ó ní, “Dúró. Jẹ́ kó bú wa tán.”